Arísìkí Kò Ní "L" Nínú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tí olóòtú ètò kan ń ṣàdúrà lórí rédíò: "Ọlọ́run á fún wa ní àlùbáríkà àti àlírísìkí." Ó fa "àlí" yẹn gùn, ó fẹ́ ká mọ̀ pé òun dé ilé kéú. Ó gún mi létí. Ìyá aláta tí kò mọ álífù kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ láé. Arísìkí ni yóò pè é, òun ló sì gbà.

"Al" ni Lárúbáwá fi ń ṣáájú ọ̀rọ̀ tí a ti mọ èyí tí wọ́n ń wí, bí àwa ṣe ń fi "náà" kẹ́yìn tiwa. Létà 28 ni wọ́n ní, wọ́n sì pín in dọ́gba: 14 fún òṣùpá, 14 fún òòrùn. Níwájú létà òṣùpá, "l" á dún ketekete, bíi al-qamar, tí í ṣe òṣùpá fúnra rẹ̀. Létà òòrùn ní tirẹ̀ a máa gbé "l" mì, á wá fi ìró ara rẹ̀ dípò: ash-shams ni òòrùn, kì í ṣe al-shams.

"B" jẹ́ ti òṣùpá. Ìdí nìyẹn tí "l" fi yè nínú àlùbáríkà àti àlùbọ́sà. "R" jẹ́ ti òòrùn, nítorí náà ar-rizq ni Lárúbáwá ń wí. Hausa pè é ní arziki. Àwa tí a kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra fi fáwẹ̀lì sáàárín wọn, a sọ "z" di "s", ó di arísìkí. Àdúrà àti àsùbáà náà ti pàdánù "l" tiwọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àlàáfíà tilẹ̀ pé lẹ́nu wa ju ti Hausa lọ, lafiya ni wọ́n gé e sí.

Kí ló wá ṣi olóòtú wa lọ́nà? Lárúbáwá ń kọ "l" náà sílẹ̀, wọn kàn kì í pè é ni. Ẹni tó fi ojú kọ́ ọ, tí kò fi etí gbà á lẹ́nu àfáà, ni yóò pè é síta. Etí ni àwọn baba wa fi gbà á, wọn kò sì ṣì í gbọ́.

Ìjà kan wà tí mo ti jà tì. Ẹni tó bá ní "àlùbáríkà náà" ti sọ "náà" lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn wí lórí rẹ̀. Mo ti gbà báyìí pé "al" ibẹ̀ ti di ẹran ara ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò ṣeé yọ mọ́.

Àlírísìkí ni n kò ní gbà. Ẹ̀yin olóòtú, bí ẹ bá fẹ́ fi Lárúbáwá ṣe ẹ̀ṣọ́ sí àdúrà, ẹ kọ́kọ́ bi àfáà. Bí ẹ kò bá rí àfáà, ẹ bi ìyá aláta.