Kí O Tó Wọ Bàálù Láti Èkó Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi kọ́, máàpù ni mo máa ń ṣí ṣáájú.

Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé Heathrow, bíi 5,000 kìlómítà ni. Àríwá gan-an ló kọjú sí, orí aṣálẹ̀ Sàhárà lo máa gbà kọjá. Bí bàálù ò bá yà síbì kankan, bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, o ti dé.

Bí o bá wá rí tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó, wo ìlú tí o ti máa pààrọ̀ bàálù. Casablanca ò burú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà. Doha ńkọ́? Háà! O ó kọ́kọ́ fò lọ sí ìlà-oòrùn, o ó tún fò padà sí ìwọ̀-oòrùn, gbogbo ẹ̀ á lé ní 10,000 kìlómítà, ká má tíì ka wákàtí tí o fi máa jókòó de bàálù kejì. Bí owó tó ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́ bá tó nǹkan, wọ̀ ọ́ o. Èmi náà máa ń wọ̀ ọ́ bí àpò bá gbẹ.

Má jẹ́ kí aago ara tíkẹ́ẹ̀tì tàn ọ́. Aago Èkó ni ti ìgbà tí o máa gbéra, aago Lọ́ńdọ̀nù ni ti ìgbà tí o máa balẹ̀. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, méjèèjì dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á dá tiwọn sẹ́yìn ní wákàtí kan, àwa ò ní fọwọ́ kan tiwa. Ìdí nìyẹn tí àlọ oṣù Kejìlá fi máa ń dà bíi pé ó yá, tí àbọ̀ á sì dà bíi pé ó pẹ́.

Fi wákàtí mẹ́ta kún àkókò ìrìn àjò rẹ fún yíyẹ ìwé àti ẹrù wò ní Ìkẹjà. Tó bá jẹ́ Lẹ́kí lo ti ń bọ̀, ìwọ náà mọ súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ. Bó bá sì jẹ́ Abbey Wood ni ilé tí o ń lọ, má da ẹnikẹ́ni láàmú, rélùwéè Elizabeth line ń lọ láti Heathrow débẹ̀.

Ti ẹwà ńkọ́? Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ bí ọyẹ́. Mo máa ń bu òrí sínú agolo kékeré tí kò ju 100 mílílítà lọ, òun ni mo fi ń pa ètè àti ọwọ́. Wọ bàtà tó dẹ̀, torí ẹsẹ̀ máa ń wú. Wíìgì tuntun yẹn, jẹ́ kó sùn nínú báàgì.

Ó yá, fi aago tí o máa balẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ wá pàdé rẹ, kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago Lọ́ńdọ̀nù ni.