Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́kọ́ Pọn Bíà Nílé

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àwọn àgbà kan náà ló tún sọ pé bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ pọn bíà nílé gbọ́dọ̀ mú òwe méjèèjì dání lọ sọ́jà. Ó níbi tí owó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọtí pípọn, ó sì níbi tó ti ń ṣòfò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ná owó yín sí ohun tó ń mú ọtí mọ́ tónítóní àti ohun tó ń jẹ́ kí ẹ mọ ibi tó dé. Ẹ má ná an sí ohun tó kàn ń dán.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Títí di ọdún 1963, ẹni tó bá fẹ́ pọn bíà nílé níbẹ̀ ní láti gba ìwé àṣẹ. Ọdún náà ni Reginald Maudling, mínísítà ètò ìnáwó wọn, fagi lé e. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni lè pọn bíà fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ láìsan owó orí kankan lórí rẹ̀. Títà nìkan ni òfin kò gbà láìgbàṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1978: 100 gálọ́ọ̀nù lọ́dún fún ilé tí àgbàlagbà kan ṣoṣo ń gbé, 200 fún ilé tí wọ́n bá ti ju ẹnì kan lọ.

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ á rẹ àgbàdo, á jẹ́ kó hù, á sá a, á lọ̀ ọ́, á sè é, á sì fi í sílẹ̀ kó kan. Nínú agolo èròjà bíà tí à ń rà, ọkà báálì ni wọ́n ti bá wa hù, tí wọ́n ti sè, tí wọ́n sì ti fi hops, òdòdó tó ń mú bíà korò, sí. Ohun tó kù fún wa ni omi, ṣúgà, yíìsì àti sùúrù.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó jáde, ẹ mọ̀ pé ẹrù méjì lẹ fẹ́ rà: ohun èlò tí ẹ ó máa lò fún ọdún pípẹ́, àti agolo tí ẹ ó máa rà nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ pọntí. Ohun èlò tí kò gbọ́dọ̀ má sí kò pọ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, airlock tí gáàsì ń gbà jáde tí afẹ́fẹ́ òde kò sì lè gbà wọlé, ṣíbí gígùn, thermometer, hydrometer, rọ́bà tí a fi ń fa ọtí sínú ìgò, oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ohun èlò ọtí, ìgò àti ìdérí wọn. Lítà 23 ni ọ̀pọ̀ agolo ní Ìlú Ọba ń ṣe. Ẹ má tìtorí ìyẹn ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tó gba 23 géérégé, nítorí ìfófó á ru sókè, á sì ṣàn sílẹ̀. Èyí tó gba 25 sí 30 ni kí ẹ mú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á rí páálí ohun èlò méjì, wọ́n á sì gbé èyí tó wà ní owó pọ́ọ́kú. Wọn ò wò ó pé kò sí hydrometer níbẹ̀, kò sí ìgò, kò sí ṣúgà. Nígbà tí wọ́n bá fi ra àwọn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì sanwó ìfiránṣẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó pọ́ọ́kú lè ti wọ́n ju èkejì lọ. Ẹ kọ orúkọ àwọn ohun tí mo kà yìí sínú ìwé, ẹ fàlà sí èyí tó wà nínú páálí, kí ẹ wá ro owó èyí tó ṣẹ́ kù mọ́ owó páálí. Iye tó bá jáde ni iye rẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò ní ibi tó lè kó ogójì ìgò sí, lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù kan péré, bíi lítà 4.5. Owó orí ìgò kọ̀ọ̀kan á ga díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́, àdánù náà kò pọ̀.

Ní ti agolo, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni agolo kan, bíi kílò 1.5 sí 1.7, tí a ń fi kílò ṣúgà kan sí. Ìkejì ni alágolo méjì, bíi kílò 3, tí málìtì rẹ̀ (èròjà ọkà báálì tó hù) ti tó láìfi ṣúgà kún un. Ṣúgà funfun nìkan máa ń jẹ́ kí ọtí fúyẹ́ lẹ́nu. Bí owó yín kò bá tó alágolo méjì, ẹ ra agolo kan, kí ẹ fi ìyẹ̀fun málìtì rọ́pò ìdajì ṣúgà náà. Ẹ yẹ ọjọ́ tó wà lára agolo wò, nítorí yíìsì tó wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀ máa ń kú bó bá pẹ́ jù. Ní ti irú bíà, stout tàbí bitter ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n 18 sí 21 lórí Celsius ló bá yíìsì wọn mu, yàrá gbígbé sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Lager gidi ń fẹ́ ibi tó tutù tó 10 sí 13, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó kékeré.

Ibi tí kò yẹ kí ẹ ti ṣahun ni oògùn apakòkòrò, thermometer àti hydrometer. Ohunkóhun tó bá máa fara kan ọtí lẹ́yìn tó ti tutù gbọ́dọ̀ gba inú oògùn kọjá: ṣíbí, ìdérí, rọ́bà, títí kan sísọ́ọ̀sì tí ẹ fi gé ọ̀rá yíìsì. Kànrìnkàn líle kò gbọ́dọ̀ kan inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, torí ojú ibi tí ike ti ha ni kòkòrò ń sá pa mọ́ sí. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà kí ẹ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì àlòkù.

Hydrometer máa ń léfòó nínú ọtí, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó lè ka 1.040. Bí yíìsì ti ń jẹ ṣúgà, á máa rì, títí tó fi lè dúró sí 1.010. Ẹ yọ èyí kúrò nínú tàkọ́kọ́, ẹ fi 131 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ọtí yín le tó nǹkan bí ìdá 3.9 nínú 100. Bí nọ́ńbà náà bá dúró sójú kan fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, yíìsì ti ṣe tán. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé airlock tó dákẹ́, torí ìdérí tí kò dì dáadáa náà lè mú kó dákẹ́.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìgò tí a rọ ọtí sí nígbà tí yíìsì ṣì ń jẹun lè bẹ́, kí àfọ́kù rẹ̀ sì ṣe èèyàn léṣe. Nítorí náà, ẹ fi ike mínírà tí ẹ ti mu tán, tí ẹ sì fọ̀ dáadáa, bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́: bó bá ti le, gáàsì ti pé nínú rẹ̀. Kí gáàsì yìí lè wà, ẹ fi ṣúgà díẹ̀ sínú ìgò: ìdajì ṣíbí tíì ti tó fún ìdajì lítà.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ fún ọtí ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, àti ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìgò níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ fi ẹ̀rọ onírin olówó gọbọi sílẹ̀ ná. Ẹ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kan, agolo kan tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, hydrometer àti oògùn apakòkòrò, kí ẹ fi iṣẹ́ náà kọ́ ọwọ́ yín. Bí ẹ bá pọn ọ́n tán, ẹ mu ún níwọ̀n, ẹ fi ṣàlejò, ẹ má tà á, ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.