Kọ́bọ́ọ̀dù Balùwẹ̀ ní Ìlú Òjò

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń gbé Douala, tí kọ́bọ́ọ̀dù balùwẹ̀ rẹ̀ ti ń bó, kó kọ́kọ́ wá ibi tí pákó ti lanu kó tó kówó lọ sí ọjà Mboppi. Òjò ọdún kan ní Douala tó bí ìlọ́po méjì ti Èkó. Lóṣù keje àti ìkẹjọ, aṣọ tí a sá sínú ilé kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ká má tíì wá sọ pákó tó dúró ti ìwẹ̀.

Omi kì í sábà gba iwájú ilẹ̀kùn wọlé. Ìsàlẹ̀ ló ń gbà, níbi tí ayùn gé tí káfíńtà kò kùn, nítorí pé ojú ẹnikẹ́ni kì í débẹ̀. Ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ fi èékánná tẹ ibẹ̀ wò. Bí ó bá tẹ̀ wọnú, tí iyẹ̀ igi sì ń já bọ́ sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀dà kò lè wo pákó tó ti jẹrà sàn. Bí ó bá ṣì le, owó yín ò ní ṣòfò.

Ṣe bó o ti mọ, kì í tẹ́. Ọjà àtajà ni Mboppi. Láti Chad àti Gabon ni àwọn oníṣòwò ti ń wá kẹ́rù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ni kò sì fẹ́ tú páálí nítorí ẹyọ kan. Ẹni tó bá pe aládùúgbò méjì mọ́ra, tí wọ́n jọ ra sáńpépà àti ọ̀dà àkọ́kùn, tí wọ́n wá pín in nílé, á rà á lówó pọ́ọ́kú. Lójú tèmi, ọ̀dà àkọ́kùn yìí ló yẹ kó gba owó jù. Ẹ fi kun etí pákó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi kun inú ihò síkúrù pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ o, nítorí eruku rẹ̀. Àwọn olùwádìí yẹ ọ̀dà olóròóró tí wọ́n ń tà ní Kamẹrúùnù wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2013: òjé inú ọ̀pọ̀ wọn ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé tí kò léwu fún ọmọdé. Torí náà, ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fi sáńpépà olómi ha á, kí ẹ fi àkísà nu ún, kí ẹ sì sọ àkísà náà nù. Kí àwọn ọmọ má sí nítòsí.

Ní ti ọnà ara ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà, ẹ rántí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ tó ń fi ìyàrun fa ẹ̀kọ lórí aṣọ kó tó gbẹ. Ọgbọ́n kan náà ni. Ẹ kun àwọ̀ kan, kó gbẹ dáadáa. Ẹ wá kun àwọ̀ kejì tó ṣú díẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi ìyàrun eléyín ńlá fà á láti òkè délẹ̀ kó tó dì. Àwọ̀ ìsàlẹ̀ á yọjú ní ìlà-ìlà. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì tí a fi ọ̀bẹ gé eyín sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ṣe é lò. Ẹ má lẹ ẹní ráfíà mọ́ ọn, bó ti wù kó rẹwà tó lọ́jà. Nínú balùwẹ̀, èéhù ni yóò bò ó. Ẹ má sì fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ báńsìn, ìdọ̀tí ọṣẹ á há sí i.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láàárín oṣù kejìlá sí ìkejì ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí òjò ti dínkù. Ẹ fún ọ̀dà kọ̀ọ̀kan ní odindi ọjọ́ kan, kí ẹ tó kun èyí tó kàn. Bí ẹ bá ti so ilẹ̀kùn padà, ẹ fi ègé páálí sáàárín rẹ̀ àti ara kọ́bọ́ọ̀dù fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ọ̀dà má baà lẹ̀ pọ̀.