Ẹ Fi Lẹ́tà Kékeré Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ẹ̀yin ọmọ ìlú Awo tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Poli Ẹdẹ, ẹ gbọ́ tèmi. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ yín ń lọ kí ẹ tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lórúkọ.

HTML kì í yan èèyàn lódì. Ẹ kọ <BODY>, ẹ kọ <body>, ọ̀kan náà ló kà á sí. XML tó dé lọ́dún 1998 kò gba gbẹ̀rẹ́ ní tirẹ̀: ẹni tó bá fi <Oruko> ṣí i, tó wá fi </oruko> tì í, iṣẹ́ rẹ̀ dúró nìyẹn. Lọ́dún 2000, XHTML pàṣẹ lẹ́tà kékeré. HTML5 ti tú àṣẹ náà ká, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ di lẹ́tà kékeré mú. Tí àwòrán SVG bá wà nínú fáìlì tirẹ̀, ẹ ṣọ́ra: viewBox ni kí ẹ kọ, B ńlá yẹn kò ṣeé yọ.

Orúkọ fáìlì ló ń dá àwọn ọmọ wa lágara jù. Ẹnì kan ya àwòrán ọjà Awo, ó sọ ọ́ ní Oja, kámẹ́rà sì ti fi .JPG sí i nídìí. Ó wá kọ <img src="oja.jpg">. Lórí Windows, àwòrán yọ, inú rẹ̀ dùn. Ó gbé e lọ sórí server tó ń lo Linux, àwòrán pòórá, nítorí lójú Linux, O ọ̀tọ̀, o ọ̀tọ̀. Á wá máa bú nẹ́tíwọ̀kì, nẹ́tíwọ̀kì ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ class àti id: lẹ́tà ńlá ọ̀tọ̀, kékeré ọ̀tọ̀.

Ẹ má fi àmì ohùn sórúkọ fáìlì. Èèyàn lè tẹ lẹ́tà “ẹ” kó tó fi àmì lé e lórí, ó sì lè tẹ “é” kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú wa á rí ẹ́ kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà lè rí méjì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn máa kà, ẹ fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i! Ó ń dùn mí tí mo bá rí Yorùbá tó wà ní ìhòòhò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣí HTML yín, ẹ kọ <html lang="yo">, kí ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè fún afọ́jú lè mọ̀ pé Yorùbá ni. Ẹ lè kọ yo-NG, kí ará Bẹ̀nẹ̀ kọ yo-BJ: lẹ́tà kékeré fún èdè, lẹ́tà ńlá fún orílẹ̀-èdè. Àṣà ni, kì í ṣe òfin, síbẹ̀ ẹ tẹ̀lé e.