Àdá Òyìnbó àti Ọkọ́ Ilé

Nínú ahéré àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, kò ṣòro láti rí àdá tí a ṣe ní ìlú òyìnbó àti ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ abúlé rọ, tí àwọn méjèèjì fara ti ògiri kan náà. Àgbẹ̀ tí ó ni wọ́n kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó kẹ̀yìn sí ilé nítorí pé ó ra àdá òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ka ara rẹ̀ sí òpè nítorí pé ọkọ́ ilé ni ó fi ń kọ ebè. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ parí kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì léèrè irú irinṣẹ́ tí ó dára, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn kíákíá pé èyí tí ó ti òkè òkun wá ni. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìdáhùn náà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń fi orúkọ ìlú rọ́pò ìwádìí, owó tí ọmọ iṣẹ́ sì fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ lè bá a lọ.

Irú irin tí a fi ṣe irinṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ yẹ kí a wò. Gbogbo irin kọ́ ni ó rí bákan náà. Èédú díẹ̀ wà nínú irin, kì í ṣe èyí tí ojú lè rí, bí kò ṣe èyí tí ó ti yọ́ mọ́ ọn lára, ìwọ̀n èédú yìí ni ó sì ń pinnu bí irin náà yóò ti le tó. Irin tí èédú inú rẹ̀ kò tó ìwọ̀n 3 nínú 1,000 rọrùn láti lù, kì í sì í tètè ṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ fi gbogbo omi odò tù ú, ẹnu rẹ̀ kò ní mú pẹ́. Irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù a máa ní tó ìwọ̀n 5 tàbí 6 nínú 1,000. Ti fáìlì tí káfíńtà fi ń pọ́n ayùn a máa tó 10 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ irin ni Yorùbá ń pe irin tí ó le. Ọ̀pá tí a fi ń di kọnkéré sábà máa ń wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí èédú wọn kéré. Bí a bá rọ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ di àdá, ì báà máa dán bí dígí, ọjọ́ díẹ̀ ni yóò fi kú.

Iná ni ó tẹ̀ lé irin. A ó mú àdá gbóná títí yóò fi pọ́n dẹ̀dẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi tàbí òróró lójijì. Nígbà náà ni yóò le gan-an, ṣùgbọ́n yóò tún di ohun tí ń fọ́ bí àwo. Nítorí èyí ni a fi ń dá a padà sí iná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí àwọ̀ yóò sì máa rìn lára rẹ̀ bí ooru ti ń wọ̀ ọ́: yóò kọ́kọ́ dàbí koríko gbígbẹ, lẹ́yìn náà yóò di àwọ̀ obì, yóò di elése àlùkò, níkẹyìn yóò dàbí aró. Abẹ tí ń fági nílò líle, ó sì dúró ní àwọ̀ koríko gbígbẹ. Àáké tí a ó fi gbogbo agbára jù lu igi kò gbọdọ̀ ṣẹ́, nítorí náà ó ń lọ títí dé elése àlùkò tàbí kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Láti àwọ̀ kan bọ́ sí èkejì kò pẹ́ rárá. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá yíjú láti kí ẹni tí ń kọjá lè ba iṣẹ́ òwúrọ̀ kan jẹ́. Ibi tí ilé iṣẹ́ ńlá ti borí nìyí. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn ooru níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún àdá yóò sì jáde tí àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn wọn kò ní yàtọ̀ síra. Ilé iṣẹ́ Ralph Martindale, tí a dá sílẹ̀ ní Birmingham ní 1874, tí ó ń ya àwòrán ọ̀nì sí ara àdá rẹ̀, gba iyì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Áfíríkà nítorí irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti bá ọ̀ràn ọjà ilé àti ọjà òkèèrè jìjàkadì rí, ìjàkadì náà kò sì bu iyì kún wọn nígbà gbogbo. Ní nǹkan bí 1740, Benjamin Huntsman, ẹni tí ń ṣe aago, tí irin tí wọ́n ń tà nígbà náà kò tẹ́ lọ́rùn fún sípíríǹgì aago rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ ní ìtòsí Sheffield. Irin tí ó rí dára, ó sì rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ní Sheffield kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ó ti le jù láti rọ. Huntsman bá ń tà á fún àwọn ará Faransé. Nígbà tí ọ̀bẹ Faransé tí a fi irin Sheffield ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ń mú ju tiwọn lọ, àwọn tí ó kọ irin náà wá sáré kiri láti dá a dúró kí ó má ṣe tà á fún àlejò mọ́. Kò bọ́ sí i fún wọn. Ó di dandan kí àwọn náà kọ́ bí a ti ń rọ ọ́, òun ni ó sì sọ orúkọ Sheffield di ńlá káàkiri ayé.

Orúkọ ńlá náà tún fa wàhálà mìíràn. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn kan ní Jámánì ń ṣe ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń tà á bí ẹni pé Sheffield ni ó ti wá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ní 1887 tí ó fi dè wọ́n pé kí àmì ilẹ̀ tí ọjà ti wá hàn lára rẹ̀. Èrò wọn ni pé àmì náà yóò lé oníbàárà sá. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì tún iṣẹ́ wọn ṣe, pàápàá ní ìlú Solingen, títí tí àmì tí a fi fẹ́ dójú tì wọ́n fi di ohun tí àwọn olùrà ń wá kiri. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí kò ní yára sọ mọ́ pé ọjà ilẹ̀ báyìí ni ó dára, ti ilẹ̀ báyìí ni kò dára, nítorí láàárín ìran ènìyàn kan péré ni gbogbo rẹ̀ yí padà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, irin ilé ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń wa òkúta irin nínú ilẹ̀, wọ́n sì ń fi èédú yọ́ ọ nínú iléru amọ̀. Ní 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn kíkún jáde nípa iléru bẹ́ẹ̀ tí ó rí tí wọ́n ń lò ní agbègbè Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ti ń kó irin àti irinṣẹ́ òyìnbó wá sí etíkun tipẹ́tipẹ́, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin sì ti dé Ìbàdàn ní 1901, irin òkèèrè tí owó rẹ̀ kò wọ́n túbọ̀ rí ọ̀nà wọ inú ilẹ̀. Iná iléru kú díẹ̀díẹ̀. Ti àgbẹ̀dẹ kò kú, nítorí pé àwọn alágbẹ̀dẹ gba irin àlejò, wọ́n sì ń fi òòlù àti ẹwìrì wọn sọ ọ́ di ohun tí àdúgbò ń fẹ́. Títí di òní, sípíríǹgì ọkọ̀ tí ó ti kú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń rọ ọ̀bẹ àti àdá. Ẹni tí ó bá ń yangàn pé irinṣẹ́ òun jẹ́ ti ilé látòkè délẹ̀ lè máa mú irin Jámánì tàbí ti Japan lọ́wọ́ láìmọ̀.

Ọkọ́ ni ọjà òkèèrè kò tíì rí gbà pátápátá. Àdá kan lè ṣán igbó ní Oǹdó, kí ó sì ṣán an ní ibòmíràn; ọkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ́ tí a ó fi kọ ebè iṣu ní ilẹ̀ ọ̀dàn ní apá Ṣakí gbọdọ̀ fẹ̀ kí ó lè kó erùpẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ti inú igbó, tí gbòǹgbò kún ilẹ̀ rẹ̀, gbọdọ̀ kéré kí ó sì nípọn. Bí ojú ọkọ́ ti tẹ̀ sí ẹ̀rúkọ́ náà ṣe pàtàkì: bí ó bá là jù, kò ní wọ ilẹ̀, bí ó bá tẹ̀ jù, ẹ̀yìn ni àgbẹ̀ yóò fi san án. Alágbẹ̀dẹ abúlé mọ ilẹ̀ náà, ó mọ gíga ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, bí ọkọ́ bá sì tẹ̀ jù, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni yóò tún un rọ. Ta ni àgbẹ̀ Ṣakí yóò bá sọ ọ́ ní Birmingham? Àdá òyìnbó pàápàá, bí ẹnu rẹ̀ bá ti họ, àgbẹ̀dẹ ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí gbogbo ènìyàn bá fi ọjà òkèèrè pa iná àgbẹ̀dẹ, àdá òkèèrè náà yóò di aláìlẹ́ni tí yóò tún un ṣe.

Síbẹ̀, kò tọ́ láti máa tan ọmọ iṣẹ́ jẹ. Ayùn, fáìlì àti sípánà kì í ṣe iṣẹ́ òòlù àti ẹwìrì. Eyín ayùn gbọdọ̀ dọ́gba, ẹnu sípánà sì gbọdọ̀ bá nọ́ọ̀tì mu gẹ́lẹ́. Èyí tí kò bá mu yóò ya ẹnu, yóò sì jẹ igun nọ́ọ̀tì náà títí kò fi ní ṣeé tú mọ́. Àwọn wọ̀nyí ń fẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí ẹ̀rọ bá sì wà ni kí a ti rà wọ́n. Kì í ṣe Yúróòpù nìkan ni ẹ̀rọ wà. Ní 1911, Valentin Tramontina ṣí ilé àgbẹ̀dẹ kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Bràsíìlì. Lónìí, ilé iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń ta àdá àti ọ̀bẹ fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tí ó wà ní Bràsíìlì nígbà náà kò kọjá ohun tí ó wà nínú àgbẹ̀dẹ púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹni tí ó mọ irinṣẹ́ rà kì í fi àwòrán ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí, nítorí kò sí ohun tí ó rọrùn bí kí ènìyàn ya ọ̀nì sí ara irin rírọ̀. Yóò fi ìka kan ayùn kí ó gbọ́ bí ó ti ń dún. Yóò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, yóò sì wò ó bóyá ó padà tọ́ bí ó ti wà. Yóò mú fáìlì lọ́wọ́ lọ sí ọjà, yóò fi kan ẹnu àdá: bí fáìlì bá jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí igi, irin rírọ̀ ni, bí ó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ tí kò jẹ ẹ́ rárá, ó ti le jù, ó sì lè ṣẹ́, èyí tí fáìlì bá ń jẹ pẹ̀lú ìnira ni ó dára. Bí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, yóò béèrè ibi tí irin náà ti wá, yóò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun fi ọkọ́ náà kọ ebè mẹ́wàá kí òun tó san owó tí ó kù. Alágbẹ̀dẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lójú kì í kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.