Iná Wà Lára Wáyà, Ewúrẹ́ Kò Bẹ̀rù

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní 8,000 volt ni ẹ̀rọ ọgbà oníná mi. Kí ló dé tí ewúrẹ́ fi ń kọjá láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé? — Olóko kan, Ṣakí

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Volt ló ń ti iná gba inú irun ẹran wọlé. Joule ló ń sọ bí ìta iná kọ̀ọ̀kan ṣe le tó. Ṣùgbọ́n iná gbọ́dọ̀ gba ẹsẹ̀ ewúrẹ́ wọ ilẹ̀, kó gba irin áàtì tí a gbá wọlẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í jẹ́ kó padà dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí. Ẹ gbá irin áàtì 3 tó gùn tó mítà 2 wọlẹ̀, kí wọ́n fi mítà 3 jìnnà síra, kí ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì máa bomi sí ìdí wọn. Ẹ gé koríko tó kan wáyà. Bí kò bá yí padà, ẹ pe oníná. Ẹ má so wáyà ọgbà mọ́ iná NEPA tààrà láéláé, ẹ jọ̀ọ́: ó ń pa èèyàn.