Òjé Inú Ìbọn: Bí Àgbẹ̀ Ṣe Lè Dènà Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ẹ̀jìgbò, Ìfẹ́-Òdàn, Ọlá àti Ìlawó, ọ̀yà kì í jẹ́ kí àgbàdo gbó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi ní ìbọn ṣakabùlà. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 sọ pé ẹni tí ó bá ní in gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹni tí ń fi òjé ṣe ọta.

Ìdí tí òjé fi ń lẹ̀ mọ́ inú ìbọn

Òjé rọ̀, ooru 327°C sì tó láti yọ́ ọ. Bí ọta kò bá kún ihò ìbọn dáadáa, iná ẹ̀tù yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, yóò sì yọ́ etí rẹ̀. Bí ihò náà bá dípẹtà, yóò máa ha òjé lára ọta. Èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ yóò tún mú òmíràn mọ́ra. Àmì rẹ̀ ni ìlà eléérú nínú ihò, àti ọta tí kò lọ sí ibi tí a nà án sí.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

1. Kí ẹ tó nu ìbọn, ẹ rí i dájú pé kò sí ẹ̀tù tàbí ọta nínú rẹ̀.
2. Ẹ fi àkísà tí a fi ìda oyin àti ọ̀rá ẹran pa wé ọta, kí ó lè kún ihò dáadáa.
3. Lẹ́yìn ìyìnbọn, ẹ fi omi gbígbóná fọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí eérú ẹ̀tù a máa fa ọ̀rinrin, a sì máa mú irin dípẹtà. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi òróró pa á.
4. Bí òjé bá ti lẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onídẹ ha á.

Ẹ dáàbò bo ilé yín

Òjé jẹ́ májèlé, ọpọlọ ọmọdé ni ó sì máa ń bà jẹ́ jù. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ó kéré tán 400 ọmọdé ni ó kú nípa eruku òjé láti inú òkúta wúrà tí a ń lọ̀. Kì í ṣe ìbọn ni ó fà á, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ má ṣe yọ́ òjé nínú ilé tàbí nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé àti aboyún jìnnà síbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ẹ kó àkísà náà sínú agolo tí ó ní ìdérí, kí adìẹ má baà ṣà á jẹ. Bí ẹ bá pa ọ̀yà, ẹ gé ẹran tí ó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù, nítorí iná kì í pa májèlé òjé.

Ìbọn tí ó dáàbò bo oko kò gbọ́dọ̀ pa ọmọ tí oko ń bọ́.